Ta Ni Yóò Gbà Á Lọ́wọ́ Rẹ?

Nínú pápá àgùntàn kan lẹ́yìn Winton,
níbi tí atẹ́gùn ti ń ti ìsàlẹ̀ ayé wọlé láì kan ilẹ̀kùn,
Merran Kilgour bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo:
"Ta ni yóò gba rimóòtù lọ́wọ́ rẹ
lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ?"
Kò bèèrè ọwọ́ tí mo fi ń jẹun.

Mo ti ka ìwé tó bá àpótí náà wá.
Mo ti mọ̀ pé ọ̀pá méjì ló wà lójú rẹ̀,
pé apá bàálù kì í kúrò lábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún,
ìrù rẹ̀ kì í kúrò lábẹ́ òsì,
imú àti iná nìkan ló ń pààrọ̀ ilé.
Ní Móòdù Kìíní, òsì ló ń gbé imú,
ọ̀tún ló ń koná mọ́ ẹ́ńjìnnì.
Ní Móòdù Kejì, ẹ yí i padà.
Nínú ọkọ̀ agbépo-wàrà tí mò ń wà,
mo fi àtàǹpàkò méjèèjì fò lórí sítíárì,
láti oko màlúù kan dé èkejì,
mi ò sì mọ èyí tí ń bá mi lára mu.

Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ń jiyàn lórí tíì.
Colm ní ọwọ́ kan ṣoṣo ló yẹ kó darí ẹyẹ.
Des Pomeroy ní, "Èkejì ńkọ́? Ṣé ìran ló wá wò?"
Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́;
tíì tutù, ẹnu wọn ò wẹ ara wọn.

Merran ò dá sí i.
Ogójì ọdún ló fi ṣa irun àgùntàn,
àtàǹpàkò rẹ̀ ń dán bí ọṣẹ tí a ti lò.
Ó dúró lẹ́yìn èjìká mi, ó ń la súìtì olómi tútù.
Ìgbà àkọ́kọ́ tí bàálù kọjú sí mi,
tí òsì di ọ̀tún, tí ọ̀tún di òsì,
orúkọ rẹ̀ ni mo ké.
Ó gba àpótí. Ohun tí ń já bọ́
rántí pé òun ní ìyẹ́.
Móòdù Kìíní ni Merran.
Bí èmi náà ṣe di Móòdù Kìíní nìyẹn.
Kì í ṣe ọ̀pá ni mo yàn.

Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Nelson báyìí,
ojú rẹ̀ ò ríran kọjá fèrèsé mọ́.
Àwọn tó ń wọlé sẹ́gbẹ́ ń gbé bàálù fóòmù wá,
Móòdù Kejì, gbogbo wọn pátá.

Lọ́jọ́ Sátidé, Tipene, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
na rimóòtù rẹ̀ sí mi: "Gbà á! Gbà á!"
Ọwọ́ ò dúró de ọpọlọ.
Mo fa òsì sẹ́yìn kí imú lè gbéra.
Ẹ́ńjìnnì ló dákẹ́.
Bàálù wo ilẹ̀, ó sì lọ síbi tó ń wò,
pàá, láàárín oko tánípù.

A jọ rìn lọ ṣà á.
Ó gbé apá, mo gbé bátìrì, ẹrẹ̀ ń gbé bàtà wa.
"Kí ló dé tí ẹ pa ẹ́ńjìnnì?"
Mo ṣàlàyé. Ó ronú títí a fi dé ẹnu wáyà.
"Ṣùgbọ́n ó ṣeé yí, àbí? Bọ́tìnnì mẹ́ta péré ni."
Òótọ́ ni. Mo wo ọwọ́ mi,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta,
mo wá ibi tí bọ́tìnnì wà.

Lálẹ́ yìí, mo tò sórí ìlà ní ilé iṣẹ́ wàrà,
mo ń fa ọ̀tún sẹ́yìn lórí sítíárì. Imú, gbéra.
Ọ̀tún sẹ́yìn. Imú.
Òsì ṣì ń jí gbé e.
Tipene ní òun á mú gọ́ọ̀mù wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.